Ìràwọ̀ Tí Mo Pè Níwájú Amman

Araly, Jaffna
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2014

Yalini, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Kugan ọkọ rẹ ńkọ́? Òtútù Tòróńtò ńkọ́? Èmi wà bí mo ṣe wà. Orúnkún ọ̀tún ń ro mí, ti òsì sì ń bá a kẹ́dùn.

Kí o tó ka ohunkóhun, wo ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dáadáa. Ọwọ́ mi ni. Kò sí ẹni tó bá mi kọ ọ́. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, tísà wa sì sọ pé nínú àwa obìnrin mẹ́rìnlá, ọwọ́ tèmi ló gún régé jù. Ẹni tó ń jókòó tì mí ṣì ń kọ̀wé bí ẹni tó ń ya alángbá.

Ọ̀rọ̀ wá kù. O bímọ, Yalini. Ǹjẹ́ o mọ ẹni tó sọ fún mi? Ẹlẹ́ja. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti géètì mi, ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ kú ewu ọmọ o! Manonmani ò tiẹ̀ ná ẹja lónìí, ó ní òun ti ní ọmọ ọmọ.” Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n láti ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ ti kú, ẹnu ẹlẹ́ja ni mo ti gbọ́.

Mo bá Manonmani lẹ́nu kànga tẹ́ḿpìlì. Ìyá ọkọ rẹ ni, n kò ní bú u. Mo ní, “Ìràwọ̀ wo ni wọ́n bí ọmọ náà sí?”

Ó wolẹ̀. Ó ní, “Ó wà nínú ìwé, màmá. Ẹ fi sílẹ̀.”

Ẹ fi sílẹ̀! Bí ẹni pé àlejò ni mí. Ó tún fi kún un pé òun ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀, pé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún kí èmi àti òun jọ lọ sí Nainativu lọ dúpẹ́. “Ẹ kàn jókòó sẹ́yìn mọ́tò, màmá. Èmi ni n ó bá àwòrò sọ̀rọ̀.”

Yalini, ta ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà? Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo dá lọ sí Nainativu náà, erékùṣù Amman òrìṣà wa, nígbà tí oyún kẹta bọ́ lára rẹ. Mo ya etí sáárì mi, mo so ó bí ibùsùn ìkókó mọ́ ẹ̀ka igi nínú ọgbà tẹ́ḿpìlì. Mo ní, “Ìyá, bí Yalini bá bímọ, èmi fúnra mi ni n ó padà wá. Èmi ni n ó se ìrẹsì oní wàrà fún ọ. Ẹnu mi ni wàá ti gbọ́ orúkọ ọmọ náà.” Ẹnu mi, mo ní. N kò dárúkọ ẹnu ẹlòmíràn.

Ìwọ náà mọ̀ pé bí mo bá débẹ̀, àwòrò yóò bèèrè orúkọ, yóò bèèrè ìràwọ̀ ìbí. Ọmọ tí a gbàdúrà fún láìmọ ìràwọ̀ rẹ̀ dà bí lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Irú àgbà wo ni wọ́n wá sọ mí dà?

Kọ orúkọ rẹ̀ àti ìràwọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì fi fọ́tò kún un. Má fi í sí fóònù Manonmani. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín ẹsẹ̀ mi kò tíì wọ ilé rẹ̀, kò sì ní tìtorí fóònù wọ̀ ọ́.

Èmi ni ìyá àgbà rẹ,
Visaladchi

*

Tòróńtò
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2014

Ammamma mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun ilẹ̀ wa o. Ẹ kú ìrora orúnkún. Mo ka lẹ́tà yín fún Kugan. Ó rẹ́rìn-ín níbi alángbá, ẹ̀rín náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo dé ibi ìyá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ lára mi. Nígbà tí Kugan ń pe ìyá rẹ̀, èmi ò tíì mọ ibi tí mo wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi fóònù ránṣẹ́ sí yín. Ẹ fi èkínní ta ẹlẹ́ja lọ́rẹ, ẹ ní èkejì ń gbóná létí. Ọ̀nà wo ni ìròyìn ìbá gbà tètè dé ọ̀dọ̀ yín?

Tenmoli ni orúkọ rẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ni wọ́n gbé e jáde, ní agogo mẹ́sàn-án. Imú yín ló gbé wá. Ẹ wo fọ́tò.

Ní ti ìràwọ̀ rẹ̀, ìyá Kugan ti lọ bá onímọ̀ ìràwọ̀, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Ammamma. Ẹ bá wọn lọ nínú mọ́tò náà. Ẹ ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, èrò ọkọ̀ ojú omi yẹn sì máa ń fún ara wọn bí ẹja inú agolo. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ máa ń ka lẹ́tà mi sókè fún gbogbo kíláàsì? Ìyá Kugan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà yín jẹ́ ojú ewé mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi gba mẹ́ta níbẹ̀. Èmi àti ọmọ la pín ẹyọ kan tó kù.

Ọmọ yín,
Yalini

*

Araly, Jaffna
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, ọdún 2014

Yalini mi,

Mo kí ọ, mo kí Kugan, mo kí Tenmoli. Fọ́tò dé. Imú mi ni lóòótọ́. Ọlọ́run yọ ọmọ náà lọ́wọ́ imú Manonmani, tó rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí èèyàn jókòó lé.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń kà á fún kíláàsì. Ta ni yóò kọ́ ìwé kíkà tí yóò wá máa kà á sínú? Obìnrin mẹ́tàlá ń gbọ́, tísà pàápàá ń mi orí. Kí ni Manonmani fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

O ní kí n jẹ́ kí ìràwọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ti di ọ̀rẹ́, ẹ ti pa ilẹ̀kùn dé, èmi wà níta pẹ̀lú orúnkún mi. Ó dáa. Ẹni tí a kò fún ní omi ló ń kọ́ kànga gbígbẹ́. Mo lọ sọ́jà, mo ra ìwé ìràwọ̀ tọdún yìí. Mo fi ìka tọ oṣù kẹta títí dé Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá. Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Poosam ni, títí di agogo mẹ́ta òru!

Poosam, Yalini! Ìràwọ̀ tí gbogbo ìyá ń tọrọ! Mo wá bi ara mi léèrè pé kí ni Manonmani ń fi pamọ́. Owú ni. Kò fẹ́ kí a gbọ́ pé láti ìdí tèmi ni irú orí bẹ́ẹ̀ ti wá.

Mo ní kí mọ́tò rẹ̀ tó gbéra, èmi á ti lọ, màá ti bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò tuntun, ìrẹsì, wàrà, àgbọn àti òdòdó. Bọ́ọ̀sì kan gbé mi dé Jaffna, mo wọ òmíràn tó ń lọ sí èbúté. Ọmọkùnrin tó ń gba owó ọkọ̀ wo ẹrù mi, ó ní, “Ìyá àgbà, ìkòkò yìí náà á sanwó o.”

Mo ní, “Bó bá jókòó lórí àga, kó san. Orí itan mi ló jókòó sí.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń gba orí afárá lọ láàárín omi, mo ń ka orúkọ gbogbo abúlé tó wà lára pátákó, sókè. Ẹni tó wà níwájú mi yíjú, ó ní, “Màmá, a mọ ibi tí a ń lọ.” Mo ní, “Èmi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n.”

Ní èbúté wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ ojú omi bí iṣu. Wọ́n wọ̀ wá ní ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Obìnrin kan láti gúúsù, tó ń gbé òdòdó lọ fún Búdà tirẹ̀ ní erékùṣù kan náà, di ọwọ́ mi mú nígbà tí ìgbì dé. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Mo fi fọ́tò Tenmoli hàn án. Ó fi ìka kan imú ọmọ, ó fi ìka kan náà kan imú mi. Àlejò mọ̀ ọ́n, Manonmani kò mọ̀ ọ́n.

Oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná bí agbada nígbà tí a dé. Mo wá aṣọ tí mo so mọ́ igi lọ́jọ́sí, n kò rí i. Àwọn tó ní ọmọ lókè òkun ti fi ibùsùn onígi tí wọ́n kùn, àti onífàdákà, bo gbogbo ẹ̀ka. Mo jowú wọn náà, n kò ní purọ́. Mo to òkúta mẹ́ta, mo dáná. Èéfín wọ̀ mí lójú. Nígbà tí wàrà hó, tó ru bo ẹnu ìkòkò, mo kígbe ayọ̀ tó fi jẹ́ pé ajá tó ń sùn lábẹ́ igi dìde.

Mo dé iwájú àwòrò. Ó ní, “Orúkọ?”

“Tenmoli!”

“Ìràwọ̀?”

“Poosam!”

Ó ní, “Ẹ rọra, ìyá. Etí Amman ò di.”

Pakkiyam, ará òpópónà wa, wà nínú èrò. Ó lu ọwọ́ pọ̀, ó ní ọmọ olóríire ni. Mo mọ̀ pé kí n tó délé, Araly á ti gbọ́.

Mo jẹun ní ilé oúnjẹ tẹ́ḿpìlì, mo wọ ọkọ̀ padà. Agogo méje alẹ́ ni mo dé òpópónà wa, ẹsẹ̀ mi wú bí àkàrà. Ọ̀nà ilé mi kò gba ẹnu ọ̀nà Manonmani, ṣùgbọ́n mo gba ibẹ̀. Ó ń gbálẹ̀.

Mo ní, “Mo ti Nainativu dé. Mo ti pe ọmọ mi níwájú Amman. Poosam!”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ pe Poosam?”

“Mo pè é.”

“Ṣé ẹnìkankan gbọ́?”

“Bi mí léèrè ẹni tí kò gbọ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, màmá,” ó wọlé lọ. Ní ọjọ́ kejì ó ní kí onímọ́tò má wulẹ̀ wá mọ́.

Yalini, mo sun oorun tí n kò tíì sùn láti oṣù kẹta.

Ìyá àgbà rẹ tó mọ̀wé,
Visaladchi

*

Tòróńtò
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2014

Ammamma,

Ẹ kú ìrìn àjò, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó ka èyí. Ẹ má kà á fún kíláàsì. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ìwé ìràwọ̀ yín sọ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún wa. Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́rú ń lù níbí, ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ ti ń pọnmi. Poosam ti kọjá lọ. Ayiliyam ni wọ́n bí Tenmoli sí.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọbìnrin Ayiliyam, pé bó bá wọ ilé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ kò ní pẹ́ láyé. Ẹ mọ iye ilé tí kò ní wá tọrọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òun ni ìyá Kugan ṣe ní kí a fi pamọ́, kó jẹ́ pé etí àwòrò nìkan ni yóò bọ́ sí. Èmi ò sì lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà, nítorí gbogbo ohun tí mo bá kọ, obìnrin mẹ́tàlá á gbọ́. Mi ò rò pé ẹ lè rí i fúnra yín.

Ìyá Kugan ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo Araly ti gbà pé Poosam ni. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti sin oyún mẹ́ta, mi ò lè sùn. Ọmọ ta ni a lọ dúpẹ́ fún? Bí ẹ̀jẹ́ kò bá tíì san, ṣé kì í ṣe ọmọ mi ló ṣì wà nínú gbèsè náà? Tenmoli ń wúkọ́ láti Ọjọ́ Ajé.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Yalini

*

Tòróńtò
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 2014

Ammamma mi,

Ṣé ẹ wà dáadáa? Ẹ kò dá mi lóhùn. Ìyá Kugan ní ẹ kì í lọ sí kíláàsì mọ́, ẹ kì í jáde sí ẹlẹ́ja. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bú mi lórí ìwé, kí n lè rí ọwọ́ yín.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń jowú. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ìyá ọkọ mi ló ń sọ fún mi pé òun rí yín lẹ́nu kànga, pé ẹ gbé sáárì olómi aró wọ̀. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, àwọn ló ń rí yín.

Yalini

*

Araly, Jaffna
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, ọdún 2014

Yalini ọmọ mi,

Ẹ kú ilé o, ìwọ àti Kugan. Ikọ́ ọmọ ńkọ́? Tísà kò rí lẹ́tà yìí. Bí o bá rí àṣìṣe, tèmi ni. Bí o bá kà á tán, sun ún.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹ̀yin méjèèjì ní àṣírí tí èmi kò sí níbẹ̀. Mo jowú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pín ẹran tí wọ́n fo àwo mi. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú wá dé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi tí mo ti fi òwe yìí na gbogbo ọmọ àdúgbò!

Nígbà tí lẹ́tà rẹ kejì dé, mo wọ bàtà, mo lọ sílé Manonmani.

Ó ní, “Màmá, ẹ wọlé.”

“Mo ti wọlé. Mi ò ní mu tíì.”

Ó po tíì. Mo mu ún.

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Bí mo bá sọ ọ́ fún yín láàárọ̀, ewúrẹ́ Araly á ti mọ̀ kó tó di ọ̀sán.”

“Ìwọ ń bú mi nínú ilé rẹ.”

“Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní wọ ilé mi, màmá. Ta ló pè yín?” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó fi ìka yí ife rẹ̀ po. Ó ní, “Èmi náà, Ayiliyam ni mí.”

Mo gbé ife tíì kalẹ̀.

“Bàbá mi yí ìwé mi padà kí wọ́n tó gbé mi fún ọkọ. Ìyá ọkọ mi wá mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi pè mí ní ejò, torí ejò ló ni ìràwọ̀ náà. Èmi ni mo ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń ṣàìsàn. Ọjọ́ tó kú, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, ‘Ṣé ẹ rí i?’ Mi ò fẹ́ kí wọ́n wo ojú Tenmoli bẹ́ẹ̀.”

Yalini, ọdún mẹ́fà ni a ti ń ṣe àna. Mo mọ bí imú rẹ̀ ṣe rí, n kò mọ ìyẹn.

Mo ní, “Ẹ̀jẹ́ mi kò tíì san. Yalini kò sùn. A ó padà lọ, èmi àti ìwọ.”

“Ta ni á pè é?”

“Èmi. Ẹnu mi ni mo fi jẹ́ ẹ.”

“Màmá, pẹ̀lú ohùn yín yìí?”

“N ó rọra.”

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la lọ. Ọdún tẹ́ḿpìlì ti dé, èrò pọ̀ ju iyanrìn lọ. Nínú ọkọ̀ ojú omi mo ń fi ìpè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dánra wò. Manonmani ní, “Ìyẹn kọ́, màmá, awakọ̀ ti gbọ́.” Ìgbì gbá wa, a di ara wa mú. Ó ní, “Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.” Mo wò ó bóyá ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

A se ìrẹsì. A tò. Ó ku ẹni méjì níwájú wa nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn ọrùn mi: “Áà, ìyá Poosam! Ẹ tún padà wá?” Pakkiyam ni, pẹ̀lú obìnrin méjì láti kíláàsì wa. Wọ́n sún mọ́ mi tó fi jẹ́ pé àgbọ̀n Pakkiyam wà ní èjìká mi.

Ó kan wá. Àwòrò ní, “Orúkọ? Ìràwọ̀?”

Bí mo bá pe Ayiliyam, bó ti wù kí n rọra tó, Pakkiyam á gbọ́. Bí mo bá pe Poosam, ó di ẹ̀ẹ̀kejì tí n ó purọ́ fún Amman lójú rẹ̀. Òógùn ń ṣàn létí Manonmani. Àwòrò tún bèèrè. Mo gbá Manonmani lápá mú, mo fà á sí ipò mi. Mo yíjú padà.

“Pakkiyam! O ti tẹ sáárì mi! Ṣé o fẹ́ tú mi síhòòhò níwájú Amman ni?”

“Èmi? Ẹsẹ̀ mi ò tiẹ̀ dé ibẹ̀!”

“Ẹsẹ̀ rẹ tó gbòòrò bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, ibo ni kò dé?”

“Ẹ gbà mí! Kí ni mo ṣe fún ìyá yìí?”

“O tún ń bi mí! Tẹ̀ ẹ́ sí i! Ya á pátápátá!”

Gbogbo èrò yíjú. Ẹnìkan ń bẹ̀ mí, ẹnìkan ń di ọwọ́ mi mú, ọkùnrin kan ní kí wọ́n fún mi ní omi, pé oòrùn ló ń pa mí. Mo pariwo títí mo fi gbọ́ agogo. Nígbà tí mo yíjú sí iwájú, ó ti parí. Àwòrò ti ń kó eérú ìbùkún fún ẹni tó tẹ̀ lé wa.

N kò gbọ́ ọ, Yalini. Ẹnu mi ni mo fi jẹ́ ẹ̀jẹ́, ẹnu Manonmani ló san án.

Nígbà tí a jáde sábẹ́ igi, mo ní, “Ṣé o pè é?”

“Mo pè é.”

“Ṣé àwòrò gbọ́?”

“Ó gbọ́. Ó tún un pè fún Amman lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Báwo ló ṣe dún?”

Ó gbé etí sáárì bojú. Ó ní, “Ó dùn, màmá. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ kí wọ́n pe ìràwọ̀ yẹn níwájú Amman rí láìsí pé ẹnìkan fajú ro.”

Níbí, wọ́n ti ń sọ pé orí mi ti dàrú. Pakkiyam kò kí mi mọ́. Jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹ̀jẹ́ ti san. Sùn, ọmọ mi.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́ jẹ. Bí mo bá jókòó lọ́sàn-án, mo máa ń rántí pé etí ẹlòmíràn ló gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ níbẹ̀. Mo ń jowú obìnrin náà di ìsinsìnyí. Mo ti ní kó wá jẹun lọ́dọ̀ mi lọ́la, kó jókòó tì mí, kó sì tún bá mi pè é bí àwòrò ṣe pè é.

Èmi ni ìyá àgbà rẹ,
Visaladchi